Accra: Ìlú Tí Báǹkì Wà Lábẹ́ Agboòrùn

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Accra, olú ìlú Gánà, máa kọjá ibodè mẹ́ta kó tó dé ibẹ̀. Ó máa gba Sẹ̀mẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin, ó máa la Kútọnu kọjá lọ sí Hillacondji kó tó wọ Togo, lẹ́yìn náà ló máa gba etí òkun Lomé lọ sí Aflao, níbi tí ilẹ̀ Gánà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà náà kò tó 500 kìlómítà. Síbẹ̀, owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èèyàn ń ná lójú ọ̀nà: náírà, sẹ́fà àti sídì. Aago pàápàá ń yí padà, torí pé bí aago mẹ́wàá bá lù ní Èkó, aago mẹ́sàn-án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Accra.

Ní Aflao, àwọn tó ń pààrọ̀ owó ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wà ní gbogbo ibodè, tí wọ́n di owó ní ìdì-ìdì sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan míì wà tí ojú àlejò kò lè fò dá. Agboòrùn aláwọ̀ yẹ́lò wà káàkiri etí títì. Lábẹ́ agboòrùn kọ̀ọ̀kan, tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀, àga kan, fóònù méjì tàbí mẹ́ta, ìwé kan tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí, àti ọ̀dọ́ kan tó jókòó tì í. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé káàdì ìpè ni wọ́n ń tà. Báǹkì ni.

Orúkọ tí tọmọdé tàgbà ní Gánà ń pè é ni MoMo, ìyẹn owó orí fóònù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Nàìjíríà lè sọ pé POS ti wà ládùúgbò yín, kí ló tún wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ìyàtọ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì. POS tiwa, owó tó ti wà ní báǹkì tẹ́lẹ̀ ló ń bá èèyàn gbà, torí náà, ẹni tí kò bá ní àkáǹtì kò ní owó tirẹ̀ tó máa gbà jáde níbẹ̀. Ti Gánà, síìmù inú fóònù ni àkáǹtì fúnra rẹ̀. Ìyá tí kò wọ inú báǹkì rí láyé rẹ̀ ní ibi tó ń tọ́jú owó sí, ó sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wù ú.

Bí mọ́tò bá dé afárá odò Volta ní Sogakope, àwọn ọlọ́jà á sáré yí i ká pẹ̀lú búrẹ́dì, abolo àti ẹja wẹ́wẹ́ díndín lórí igbá. Èrò tí kò ní ṣéńjì kì í tìtorí ìyẹn sùn lébi. Á béèrè nọ́ńbà ọlọ́jà, á tẹ fóònù rẹ̀, fóònù ọlọ́jà á dún, mọ́tò á sì gbéra. Láti ibẹ̀ títí dé Accra, kò sí ìlú tàbí abúlé ńlá tí èèyàn máa kọjá tí kò ní rí agboòrùn yẹn.

Bí báǹkì abẹ́ agboòrùn ṣe ń ṣiṣẹ́

Ètò náà kò le. Aṣojú tó jókòó lábẹ́ agboòrùn ní oríṣi owó méjì: owó beba tó wà nínú àpò rẹ̀ àti owó tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ká ní oníbàárà kan mú 200 sídì wá pé kí wọ́n bá òun fi sórí fóònù. Aṣojú á gba owó beba, á sì ti 200 sídì kúrò lórí fóònù tirẹ̀ sórí ti oníbàárà. Bí oníbàárà bá fẹ́ gba owó jáde, òdìkejì ni wọ́n máa ṣe. Oníbàárà á tẹ *170#, á tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, ó parí. Kò dìgbà tí èèyàn bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù olówó ńlá. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tí ìyá àgbà ń lò ní abúlé tó o.

Èrè aṣojú kò pọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrò tó bá dúró níwájú rẹ̀ ló ń sọ bóyá ó máa jèrè lọ́jọ́ náà. Ohun tó sì máa ń fún un ní ẹ̀fọ́rí jù ni bí owó méjèèjì yẹn ṣe máa dọ́gba. Tí owó oṣù bá wọlé, tí gbogbo èèyàn fẹ́ gba owó jáde, owó beba á tán nínú àpò. Tí wọ́n bá fẹ́ wọlé ìwé, tí àwọn òbí ń fi owó ránṣẹ́ síbí sọ́hùn-ún, ti orí fóònù ló máa tán. Nígbà náà, aṣojú gbọ́dọ̀ sáré lọ sí báǹkì gidi tàbí kó lọ bá aṣojú míì lábẹ́ agboòrùn kejì. Bó bá pẹ́ kó tó dé, oníbàárà á ti rìn lọ.

Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ MTN bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní Gánà. Níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn ń rí ìdààmú. Ìgbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni wọ́n so gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, tí owó fi wá ń rìn láàárín wọn bí ìpè fóònù ṣe ń rìn.

Ibi tí owó bá ti ń rìn, ìjọba kò ní pẹ́ débẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí owó orí fóònù. Sídì kan àtààbọ̀ ni wọ́n ń yọ lórí ọgọ́rùn-ún sídì, bí ohun tí èèyàn fi ránṣẹ́ lóòjọ́ bá ti kọjá 100 sídì. Ariwo ta. Àwọn kan padà sídìí owó beba, àwọn míì ń gba owó jáde lábẹ́ agboòrùn kan, wọ́n á sì gbé e lọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa san owó orí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n dín in kù sí sídì kan lórí ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2025, wọ́n fòpin sí i pátápátá. Ọdún mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà, kì í sì í ṣe àwọn gbajúmọ̀ nìkan ló pariwo. Aláta ní Makola mọ iye tó ń yọ lára owó rẹ̀.

Àwọn obìnrin Makola

Ọjà Makola wà láàárín gbùngbùn Accra. Ọdún 1924 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn obìnrin ló sì ni agbára ibẹ̀: aláṣọ, onísálúbàtà, ẹlẹ́ja gbígbẹ, onítòmátì. Ọjà náà ti rí ojú rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1979, lásìkò ìjọba ológun Jerry Rawlings, àwọn sójà wó Makola No. 1 palẹ̀ torí wọ́n sọ pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ló ń kó ọjà pa mọ́ tó fi wọ́n. Ọ̀pọ̀ obìnrin pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí inú ọjà ni owó wọn wà, kò sí ní ibòmíì.

Fún ìran ọlọ́jà tó wà níbẹ̀ lónìí, owó ti kúrò nínú tòbí. Obìnrin tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Kumasi tàbí Lomé kò ní láti di owó mọ́dìí kó tó wọ ọkọ̀ òru, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù kìkì ní gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti dúró. Á fi owó ránṣẹ́, wọ́n á di ẹrù fún un, ẹrù á bá ọkọ̀ wá. Alájọ tó máa ń wá gba owó lójoojúmọ́ ṣì wà. Susu ni wọ́n ń pe àjọ náà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣàjèjì létí ẹni tó bá mọ èésú. Ṣùgbọ́n alájọ mìíràn kì í fi ọwọ́ kan owó beba mọ́. Bí wọ́n bá ti dá a, ó ti wà lórí fóònù.

Ohun tí kò yí padà ni àwọn ọmọbìnrin alábàárù tí wọ́n ń pè ní kayayei. Láti àríwá Gánà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, agbada irin ńlá ni wọ́n ń gbé ru, wọ́n á sì máa rú ẹrù wúwo láàárín èrò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Fóònù lè gbé owó oníṣòwò láti Accra dé Kumasi ká tó ṣẹ́jú. Síbẹ̀, àpò ìrẹsì tí owó náà rà, orí ọmọbìnrin kan ló ṣì ń gbé e dé ìdí mọ́tò.

Iṣẹ́ tó lọ, iṣẹ́ tó dé

Kí MoMo tó dé, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Accra tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Tamale, níhà àríwá, ní láti lọ sí ibùdókọ̀, kó wá awakọ̀ tó mọ̀, kó kó owó sínú àpòòwé, kó sì máa gbàdúrà. Bí ìyá kò bá mọ̀wé, akọ̀wé àdúgbò ló máa bá a ka lẹ́tà tó bá owó náà wá, òun náà ló sì máa bá a kọ èsì. Awakọ̀ jẹ nínú rẹ̀, akọ̀wé jẹ nínú rẹ̀.

Lónìí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ̀wé nígbà náà kò mọ̀wé di ìsinsìnyí. Bó bá fẹ́ gba owó rẹ̀, ọmọọmọ tàbí aṣojú abẹ́ agboòrùn ló máa bá a ka àtẹ̀jíṣẹ́, ìgbà míì sì rèé, òun náà ló máa bá a tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Bí àṣírí tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé àdúgbò láyé ọjọ́sí ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì nìyẹn. Akọ̀wé mọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Aṣojú mọ kọ́kọ́rọ́ àpótí owó.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ti dé tó sì ti tún lọ ní Accra láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nii Quaynor, ọmọ Gánà, wà lára àwọn tó mú íntánẹ́ẹ̀tì wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ní ọdún 2013, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé. Nígbà yẹn, kíóskì tí èèyàn ti ń san owó láti fi tẹlifóònù pe ẹbí rẹ̀ lókè òkun wà ní gbogbo ìyànà. Ní ọdún 2001, BusyInternet ṣílẹ̀kùn. Ilé kọ̀ǹpútà ńlá ni, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń tò láti wọlé. Lónìí, kíóskì tẹlifóònù ti pòórá, ilé kọ̀ǹpútà sì ti dín kù jọjọ, torí ohun tí wọ́n ń tò fún nígbà náà ti wà nínú àpò ṣòkòtò kálukú.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2002, nínú ọ́fíìsì kan ní Accra, àwọn ọ̀dọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ará New York tí wọ́n ní kí wọ́n san owó ìtanràn torí ẹ̀ṣẹ̀ bíi dída ìdọ̀tí sójú títì. Wọ́n á ya àwòrán ìwé ìtanràn náà ní Amẹ́ríkà, àwòrán á dé Accra, àwọn ọ̀dọ́ á tẹ̀ ẹ́ wọlé, yóò sì padà sí New York. Àwọn míì tún wà tó ń tẹ ìwé owó ìtọ́jú ìlera àwọn ará Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ gidi ni lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, ó wọ ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, owó oṣù sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lójú kan. Ibi tí owó rẹ̀ bá ti wọ́lẹ̀ jù ló ń ṣí lọ, bí kọ̀ǹpútà bá sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé fúnra rẹ̀, a ò ní nílò ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní ọdún 2019, Google ṣí ilé ìwádìí kan sí Accra, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ní ní Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n. Ìlú tó ń bá New York tẹ ìwé ti wá di ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n.

Circle, níbi tí fóònù ti ń jí dìde

Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ń lọ sí Circle, oríta Kwame Nkrumah ló ń sọ, èyí tí wọ́n fi orúkọ ààrẹ àkọ́kọ́ ní Gánà pè. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣí afárá alájà mẹ́ta síbẹ̀, tó dán débi pé àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Dubai. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai yìí ni ọjà fóònù Accra wà. Ẹni tó bá ti dé Computer Village ní Ìkẹjà yóò mọ ibi tó wà: ariwo orin, ọ̀dọ́ tó ń fa èèyàn lápá, pátákó tí wọ́n to ìbòjú fóònù sí bí ẹja sísá.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló yẹ kí èèyàn dúró wò. Tábìlì wọn kò ju ti onígbáàlù dídín lọ. Òòlù kò sí níbẹ̀, àfi ìdè kékeré bí abẹ́rẹ́, irin ìjóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àti àwo tí wọ́n da ìdè wẹ́wẹ́ sí. Fóònù tó bá já sómi, tó fọ́ lójú, tó ń gbóná, wọ́n á tú u palẹ̀ bí ẹni ń tú ẹja, wọ́n á fi ẹ̀yà ara òkú fóònù wo alààyè sàn. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ ọ nílé ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń wò, títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n. Fóònù tí ọmọ ìlú òyìnbó jù nù torí pé ojú rẹ̀ fọ́ lè lo ọdún mẹ́ta sí i lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ní Accra.

Ṣùgbọ́n Circle náà ló rán àwọn èèyàn létí pé ẹ̀rọ kọ́ ló ń sọ ẹni tó máa jẹun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń ta fóònù níbẹ̀. Òfin kan tí Gánà ṣe ní ọdún 2013 ya títa ọjà wẹ́wẹ́ nínú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà, ó sì ní kí àjèjì tó fẹ́ ṣòwò ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́, kó sì gba ogún ọmọ Gánà síṣẹ́. Ní ìparí ọdún 2019, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ti ibodè rẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ, tí ẹrù àwọn oníṣòwò ọmọ Gánà sì há sójú ọ̀nà, àwọn oníṣòwò ọmọ Gánà ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa ní Circle. Àwọn méjèèjì ló ní ohun tó ń dùn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Kò jìnnà sí Circle, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Accra New Town. Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà àti Ìlọrin ló ta ilé àti ọjà ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n sì fi gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀ nínú ìwé. Ní ọdún 1983, ó kan àwọn ọmọ Gánà ní Nàìjíríà, ìyẹn ló sì bí orúkọ àpò Ghana Must Go tó wà nínú yàrá ọ̀pọ̀ ìdílé títí dòní. Gbèsè tí wọ́n kọ sínú ìwé ní 1969 kò ṣeé gbà mọ́. Ká ní MoMo wà nígbà yẹn, owó ì bá tẹ̀ lé olówó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù kò ní lè tẹ̀ lé e.

Ibi tí fóònù ń kú sí

Fóònù tí Circle kò bá rí wò sàn, Agbogbloshie ló máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Etí odò Odaw ni, nítòsí ọ̀sà Korle, kò jìnnà sí Makola. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó tẹlifíṣọ̀n, firíìjì, kọ̀ǹpútà, bátìrì àti wáyà tó ti bàjẹ́ lọ. Àwọn oníròyìn òkè òkun sọ ọ́ di olókìkí pé gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀rọ ayé ló ń bẹ níbẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Lóòótọ́, tòkunbọ̀ ń ti èbúté Tema wọlé, òmíràn nínú rẹ̀ sì ti kú kó tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn Basel ti ọdún 1989 àti ti Bamako ti ọdún 1991 wà láti dí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó dé Agbogbloshie, inú ilé àwọn ará Gánà fúnra wọn ló ti jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó gbó.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti àríwá, ọ̀pọ̀ nínú wọn Dagomba, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi òòlù tú ẹ̀rọ, wọ́n á ya irin sọ́tọ̀, wọ́n á ya àlùmíníọ̀mù sọ́tọ̀. Bàbà tó wà nínú wáyà ló lówó lórí jù. Ọ̀nà tó yá jù láti rí i ni kí wọ́n dáná sun wáyà, kí rọ́bà ara rẹ̀ yọ́ dànù. Táyà mọ́tò tàbí fóòmù firíìjì ni wọ́n fi ń dáná náà. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń bọ́ rọ́bà ara wáyà wá fún wọn rí, ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín máa ń yọ ẹ̀rọ lẹ́nu, iná kò sì ń béèrè owó iná mànàmáná.

Èéfín dúdú yẹn kì í dúró lójú kan. Òjé wà nínú rẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2019, àwọn olùṣèwádìí gbé ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ kiri ní Agbogbloshie lọ yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé májèlé dáyọ́sìn tó wà nínú ẹyin kan ṣoṣo fi ìlọ́po 220 ju ohun tí àjọ ààbò oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé àgbàlagbà lè jẹ lóòjọ́. Ọjà oúnjẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní Agbogbloshie, ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń ta iṣu àti ọmọ tó ń sùn, èéfín kan náà ni wọ́n ń mí símú.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2021, ìjọba wó ibi tí wọ́n ti ń tú irin náà, wọ́n sì kó àwọn alálùbọ́sà tó wà nítòsí lọ sí Adjen Kotoku, lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń jẹun láti ara wáyà kò dín kù. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà fọ́n ká, àwọn kan sọdá sí àdúgbò Old Fadama tí kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí èèyàn ń gbé, iná sì tún ń jó níbẹ̀. Ilé ni iṣẹ́ náà bá wọn lọ.

Ọjọ́ tí wáyà já lábẹ́ òkun

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn ará Accra jí, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Wọ́n rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn nìkan ni, àṣé Èkó náà ń wò suu, Kútọnu àti Abidjan pẹ̀lú. Wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, MainOne, WACS, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ nítòsí etíkun Abidjan ní Côte d'Ivoire. Inú àwọn wáyà yìí, okùn dígí tó tín-ín-rín bí irun orí ló ń gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti àkọsílẹ̀ owó lọ sí Yúróòpù àti padà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò lè fi ápù báǹkì wọn ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ ojú omi ló ní láti lọ wá ibi tí wáyà ti já, kí wọ́n fà á sókè, kí wọ́n so ó, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ohun gbogbo tó padà bọ̀ sípò.

Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ní owó beba díẹ̀ nínú ilé ni ọba. Àwọn ìdílé ní Nàìjíríà ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí láti apá kejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà beba wọ́n, tí èèyàn ń tò níwájú báǹkì láti òwúrọ̀. Nígbà yẹn, orí fóònù ni owó wà, kò sí beba. Ní Accra ní oṣù Kẹta yẹn, beba ló gba àwọn kan sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí Accra

Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò àjẹsára dání, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín wá ọ̀nà ẹ̀bùrú ní ibodè. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi máa fún èèyàn ní owó tàbí fóònù, torí ọwọ́ òsì kò bọ́ sí i níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kò ṣe bọ́ sí i nílé wa. Bí ẹnì kan bá pè yín pé òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù yín, pé kí ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ dá a padà, ẹ kọ́kọ́ wo iye owó tó wà lórí fóònù yín fúnra yín, ẹ má gba àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé gbọ́. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe aṣojú tó rẹ́rìn-ín sí yín. Bí ìyá tàbí bàbá yín nílé kò bá mọ̀wé, ẹnì kan nínú ẹbí tí gbogbo yín fọkàn tán ni kó máa bá wọn tẹ̀ ẹ́. Fóònù tó bá sì ti bàjẹ́, kí àwọn ọmọ má ṣe jù ú sínú iná tí ẹ fi ń sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe, ohun tó lè yọ nínú rẹ̀ ṣì lè wúlò fún ẹlòmíì.

Bí aago mẹ́fà bá ti lù ní Accra, òòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, àwọn agboòrùn á sì máa padé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣojú á ka owó beba, á wo fóònù, á kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí. Bí kọ́bọ̀ kan kò bá dọ́gba, àpò tirẹ̀ ló máa ti jáde. Á kó owó sínú àpò, á ṣẹ́ agboòrùn, á gbé tábìlì fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀ kó bá a tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì yan ọ̀nà tí kò gbà lánàá lọ sílé, torí pé gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó wà nínú àpò náà.